Ọ̀rọ̀ Tí A Kò Bá Sọ ní Pálọ̀

Ẹ bá mi dá sí i o, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wa ti tojú sú mi.

Olùkọ́ èdè Faransé ni bàbá wa kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni pálọ̀ ti wá, pé "sọ̀rọ̀" ni gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn olùfọkànsìn kan láyé àtijọ́ ló jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn ò ní máa sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di dandan, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ti lè la ẹnu. Nígbà tó yá, ó di ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Àwọn onídìrí mú orúkọ náà lò fún ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn tó ń fún wàrà màlúù mú un lò, títí dórí àwọn tó ń tọ́jú òkú.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ta wá ni òkú ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n wá fi ṣòfin: ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ ní pálọ̀, a ò sọ ọ́. Bí o bá tọrọ nǹkan ní ilé ìdáná, tí wọ́n sì dáhùn, asán ni.

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá Bàbá dùbúlẹ̀, èmi àbíkẹ́yìn ni mò ń tọ́jú wọn. Ọkọ mi ríṣẹ́ sí ìlú míì, ó mú ọmọ wa lọ. Ọmọ ọ̀hún ti ń pe ìyá ọkọ mi tó ń bá wọn gbé ní "mọ́mì". Ó ń dùn mí dọ́kàn.

Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe ń tún bẹ́ẹ̀dì ṣe, Bàbá di ọwọ́ mi mú. "Lọ bá ọmọ rẹ. Mo ní kí o máa lọ." Mo bú sẹ́kún.

Mo pe àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, mẹkáníìkì àti télọ̀, wọ́n sì dé láàárọ̀ yìí. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́!

"Ṣé pálọ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́?" Télọ̀ ló bi mí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò ráyè wá fọ aṣọ wọn, òfin lẹ ráyè rántí!"

Mẹkáníìkì ní ká má jà, ká gbé wọn jáde. A gbé Bàbá sórí àga gígùn ní pálọ̀, a fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ tún un sọ."

Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò síbi tó ń lọ. Ta ni yóò máa tọ́jú mi?"

Háà! Orí mi dà rú. Èwo ni kí n gbà? Ṣé àìsàn ló sọ tàná ni, àbí tòní? Àbí ẹ̀rù àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ń bà wọ́n? Télọ̀ ti gbé báàgì rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Mo jókòó síwájú Bàbá.

"Bàbá, pálọ̀ lèmi náà wà. Mò ń lọ bá ọmọ mi lọ́la."

Bàbá ló kọ́kọ́ mi orí. "Ó ti sọ ọ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì kọjú sí ògiri.

Mò ń di ẹrù báyìí. Mi ò mọ̀ bóyá mo gbọ́ ti bàbá mi, àbí mo kọ̀ sí wọn lẹ́nu.