Ọ̀nà Inú Oko Ápù Evert

Ẹ wò ó, ọkọ mi Teunis ò burú, orí kunkun ló kàn ní. Lọ́dún tí wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tó ń la ọ̀nà ní àfonífojì wa lẹ́bàá odò Rondout, ó ní ọ̀nà gbọ́dọ̀ gba àárín oko ápù Evert, aládùúgbò wa. Evert ní olóògbé ìyàwó òun ló gbin ápù náà, ẹnikẹ́ni ò ní gé ẹyọ kan. A wá la ọ̀nà gba àkùrọ̀. Odindi ọdún méjì, àgbà méjì ò kí ara wọn!

Ọ̀sẹ̀ tí Fytje ọmọ mi fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀ nísàlẹ̀ àfonífojì, yìnyín já bọ́ títí ó fi bo ọgbà. Èmi nìkan ni agbẹ̀bí. Bó bá rí báyìí, ilé tó wà lókè pátápátá ló ń kọ́kọ́ kó màlúù jáde láti tẹ yìnyín mọ́lẹ̀. Ilé kejì á so tirẹ̀ mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Àwa la wà lókè, Evert ló tẹ̀ lé wa.

"Ta ni yóò bẹ Evert?" ni mo bi Teunis.

"Kì í ṣe èmi."

"Tí ọmọ mi bá kú ńkọ́, Bàbá Fytje? Ṣé agídí yín ni yóò gbẹ̀bí rẹ̀?"

Ó lọ so màlúù. Mo jókòó sórí pákó tí wọ́n ń wọ́ lórí yìnyín. Nígbà tá a dé àkùrọ̀, yìnyín mu màlúù dé àyà, wọn ò lọ mọ́. Mo figbe ta.

La bá gbọ́ ìró àáké. Evert ló wà nínú oko rẹ̀, òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Ó ti wó ọgbà, igi ápù mẹ́ta ti wà nílẹ̀, màlúù rẹ̀ sì ti tẹ ọ̀nà gba àárín wọn.

"Ìyá Fytje," ó ní, kò wo ojú ọkọ mi, "ẹ sọ fún alágídí yẹn kó darí màlúù rẹ̀ síbí. Ṣé ẹ rò pé mo gbàgbé oṣù tí oyún Fytje wà ni?"

"Evert, igi ìyàwó yín!" Ẹkún ti gbà mí.

"Ẹ máa lọ jàre! Ọmọ ò ní dúró de ẹkún."

Mo bá Fytje lórí ìkúnlẹ̀; ẹsẹ̀ ọmọ náà ló kọ́kọ́ yọ. Ká ní mo pẹ́ díẹ̀ ni, ìyá àtọmọ là bá sin. Ọmọbìnrin ni, ohùn rẹ̀ le bíi ti bàbá àgbà rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Teunis lọ ṣí fìlà níwájú Evert lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. "Màá bá ẹ gbin òmíràn. A ó dá ọ̀nà padà sí àkùrọ̀."

Evert wò ó títí. "Ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ gbẹ̀bí ọmọ," ó ní, "ta ló ń dí i? Wọlé, ògì ń tutù."