Dẹ̀rẹ́bà Lójú Òkun

Ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ní kí Dẹ̀rẹ́bà máa lọ sinmi nílé ni ìsinmi kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú ilé náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti máa ń jí, bó ṣe ń jí láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Á wẹ̀, á wọ ṣòkòtò, á wá rántí pé kò síbi tí òun ń lọ. Á wọ ilé ìdáná, á tún jáde. Á ṣí fèrèsé, á tì í pa dà. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, á máa gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ káàkiri bíi ti adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ibi yé sí.

"Bàbá wọn, kí lẹ ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan tẹ́ ẹ ò wá yẹn, ẹ lọ wá a níta."

Lọ́jọ́ tó fẹ́ bá a to òwú, tó to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì bí èrò tó tò sí ibùdókọ̀, tó sì kó dúdú mọ́ búlúù, ọ̀rọ̀ kọjá àwàdà.

"Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà ní ẹgbẹ́ alúwẹ̀ẹ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí, ó ń ya òwú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Àràárọ̀ ni wọ́n ń wọ òkun. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀la lẹ ń bẹ̀rẹ̀."

"Kí ló kan èmi kan òkun?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ mọ odò wẹ̀ lọ́mọdé. Ẹ lọ wẹ̀ ẹ́. Adìẹ ti bà lókùn nínú ilé yìí: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ."

Ohun tí obìnrin náà kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí ló lé ọkọ òun kúrò nídìí ọkọ̀. Dókítà ilé iṣẹ́ ló tan iná sí i lójú, ló ní kó ka lẹ́tà tó wà lára ògiri, tí Dẹ̀rẹ́bà ń kà á bí ẹni tó ń rọ́ àlá. Ojú ọ̀tún ti ń kú lọ, tòsì ń tẹ̀ lé e. Dókítà ní kó tètè lọ rí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Kò lọ. Nígbà tó délé, ó ní ọjọ́ orí ni wọ́n fi ní kí òun sinmi. Òun tí àwọn ìyá ń gbé ọmọ lé lọ́wọ́ pé kó bá àwọn já a sí ilé ìwé, òun tí kò fi ọkọ̀ gbá ajá rí, báwo ló ṣe fẹ́ la ẹnu sọ pé òun kò rí ọ̀nà mọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ló ń gún un ní kẹ́ṣẹ́ kiri ilé.

Ó lọ sí òkun lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì, obìnrin gíga tó so fèrè mọ́ ọrùn, ni olórí wọn. Òfin rẹ̀ kò gùn. Méjì-méjì ni wọ́n ń wọ omi, méjì-méjì ni wọ́n ń jáde. Àgbá ńlá kan wà tó léfòó lọ́ọ̀ọ́kán, tí ìdákọ̀ró dì mú. Wọ́n á lúwẹ̀ẹ́ débẹ̀, wọ́n á yí i ká, wọ́n á pa dà. Ẹnì kan kì í fi ẹnì kejì rẹ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, Káfíńtà ni ẹnì kejì yín," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Káfíńtà sanra, kì í kánjú. Bí ẹni tó ń wọ ilé àna ló ṣe ń wọ omi: á dúró, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún ẹsẹ̀ gbé. Kó tó di pé omi kàn án ní ìdí, òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Dẹ̀rẹ́bà.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ọkọ̀ ń lọ o!" ni Dẹ̀rẹ́bà pariwo, gbogbo ẹgbẹ́ sì bú sẹ́rìn-ín.

"Báwo làwọn èrò ọkọ̀ yín ṣe ń fara dà yín?" ni Káfíńtà bi í.

Omi náà bá a lára mu, ju bó ṣe rò lọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rántí odò ìgbà èwe. Kò rí àgbá náà rárá, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí ọwọ́ Káfíńtà ṣe ń lu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbàmù, gbàmù, ìyẹn sì tó fún un láti mọ ọ̀nà. Láàárọ̀ láàárọ̀ ni yóò máa bú ọkùnrin náà pé ó ń fà, láàárọ̀ láàárọ̀ náà ni kò ní jẹ́ kó jìnnà sí òun. Tó bá délé, á sinmi díẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ tún ti ń yún un.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan. Bó ṣe ń wọ bàtà ni ìyàwó rẹ̀ ké sí i láti ìdí maṣíìnì pé ẹni tí wọ́n jọ ń wa bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ń bọ̀ wá kí wọn lọ́sàn-án. Ọkùnrin yẹn mọ gbogbo bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìlẹ̀kùn. Bó ṣe dé etíkun, kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Òjò ń ṣú, ojú ọ̀run àti òkun ti di àwọ̀ kan náà. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, Káfíńtà dúró láti tún awò tó fi ń bo ojú so.

"Ẹ dúró dè mí o."

Dẹ̀rẹ́bà gbọ́. Àmọ́ ara rẹ̀ kò gba ìdúró lọ́jọ́ náà. Ó ń ju apá, ó ń ju apá, bí ẹni pé ohun tó ń lé e wà lẹ́yìn tí kò lè wọ omi. Ìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ló gbé orí sókè.

Kò rí àgbá. Kò rí etíkun. Kò rí fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ ẹnì kankan. Eérú ni gbogbo rẹ̀, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Ó gbọ́ fèrè Nọ́ọ̀sì, àmọ́ afẹ́fẹ́ ń gbé ìró náà kiri, kò mọ ibi tó ti ń wá. Ó lúwẹ̀ẹ́ síbí, ó yí pa dà. Omi iyọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó ronú pé báyìí ni wọ́n á ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú òun nílé.

"Dẹ̀rẹ́bà! Dẹ̀rẹ́bà o!"

Káfíńtà ni. Ó ti sáré dé ibi tí agbára rẹ̀ kò gbé e dé rí. Bó ṣe na ọwọ́ kó di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú, ó kígbe, ó rì, ó sì tún yọ.

"Pajápajá! Ẹsẹ̀ mi! Mi ò lè gbé e!"

Dẹ̀rẹ́bà mú un lábẹ́ apá, ó yí i dojú sókè. "Ẹ fara yín sílẹ̀. Mo ti mú yín. Níbo ni etíkun wà?"

"Ṣebí ó nìyẹn níwájú yín!"

"Mi ò rí i."

"Ẹ ò rí i báwo?"

"Mi ò rí i, Káfíńtà. Ojú mi ti bàjẹ́. Ìdí tí wọ́n fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ìgbì gbé wọn sókè, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Nígbà tí Káfíńtà máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí pa dà, ó rọ̀, ó sì dúró sójú kan.

"Ó dáa. Ẹ yà sápá ọ̀tún. Ó tó. Ẹ máa bọ̀. Ẹ máa bọ̀. Òkúta wà lósì, ẹ má tọ̀ ọ́. Ẹ máa bọ̀."

Báyìí ni ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ ṣe ń tọ́ka ọ̀nà, tí ẹni tí kò lójú ń wọ́ ọ lọ, títí ẹsẹ̀ Dẹ̀rẹ́bà fi kan iyanrìn. Àwọn ẹgbẹ́ ti dúró sínú omi dé àyà, wọ́n fà wọ́n jáde.

Nọ́ọ̀sì fi aṣọ ìnura wé wọn kó tó bínú. Nígbà tó wá bínú, ó bínú dénú egungun. "Bàbá, kí lẹ ń lé?"

"Mo kàn sáré díẹ̀ ni," ni Dẹ̀rẹ́bà wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

Káfíńtà wò ó. Ìgbà tí wọ́n ń wọ bàtà, tí Dẹ̀rẹ́bà rọra sọ̀rọ̀ àlejò ọ̀sán fún un, ni Káfíńtà tó sún mọ́ ọn. "Mi ò ní tú yín fó. Àmọ́ mi ò ní bá yín wọ omi mọ́ títí ìyá wọn á fi gbọ́. Ojú olójú kò lè jọ ojú ẹni. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́, kó má jẹ́ àlejò yín ọ̀sán ló máa sọ ọ́."

Dẹ̀rẹ́bà kò yà síbì kan. Ìyàwó rẹ̀ ń ran ọrùn aṣọ kan nígbà tó wọlé, irun rẹ̀ ṣì ń kán omi. Ó sọ ọ́ ní ìdúró, láìjókòó: dókítà, lẹ́tà ara ògiri, irọ́ tó pa, òkun àárọ̀ yẹn. Maṣíìnì dákẹ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Káfíńtà. Òní ló mọ̀."

"Káfíńtà mọ̀ kí n tó mọ̀." Kò pariwo. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń dá sọdá títì láti ọjọ́ yìí. Tí mo ń rán yín níṣẹ́! Tí mo ń bú yín tórí òwú!"

Ó dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó pa dà wá, ó tún lọ. Dẹ̀rẹ́bà jókòó síbi tó wà, kò lè tẹ̀ lé e, kò sì lè sá. Nígbà tí àlejò dé lọ́sàn-án, ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. "Ẹ wọlé. Ẹ wá sọ ohun tí dókítà yẹn wí fún mi gan-an, nítorí ẹni tí mò ń bá gbé kò mọ ọ̀rọ̀ sọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọ̀tún ti kọjá àtúnṣe, àwọn yóò gbìyànjú tòsì, àwọn kò sì lè ṣèlérí. Wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Obìnrin náà gbọ́ ọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kò sì bá Dẹ̀rẹ́bà sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

Dẹ̀rẹ́bà lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, ó ní òun kò lè gbà á pa dà àfi tí okùn bá so Dẹ̀rẹ́bà àti Káfíńtà pọ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó mú aṣọ líle tí wọ́n fi ń rán àpò ẹrù, ó rán ìgbànú méjì, ó sì fi okùn rírọ̀ kan so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú ìdè tí ọwọ́ kan lè tú. Àárọ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ dè é. Obìnrin náà tẹ̀ lé wọn dé etíkun, ohun tí kò ṣe rí. Ó fi gbogbo agbára fa okùn náà, ó tún un fà.

"Bó bá já, ẹ má wá sílé," ló wí.

"Ìyá wọn, ṣé ẹ̀yin náà ò ní bá wa wọ̀ ọ́?" ni Káfíńtà bi í.

"Kí n wọ kí ni? Ẹ máa lọ jàre, òtútù ń mú mi."

Nítorí iṣẹ́ abẹ ọ̀la, ẹsẹ̀ Dẹ̀rẹ́bà kò lè dúró sójú kan lórí iyanrìn. Káfíńtà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó gbé ẹsẹ̀ kan sómi. Okùn fà díẹ̀ ní ìbàdí Dẹ̀rẹ́bà, ó sì tẹ̀ lé e wọlé.