Ẹ̀dà Tó Ń Gé Ìyókù Sọnù

Ó tún un tẹ̀. Mẹ́ta. Ó bọ́ sí fèrèsé kejì lójú kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìbéèrè kan náà gan-an, ìyẹn sì dáhùn pé mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ pòṣé, òṣé tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò ìyá onílé, tó sùn sẹ́nu ọ̀nà, fi gbórí sókè. Kọ̀ǹpútà kan, ìṣirò kan, ọwọ́ kan náà ló sì tẹ̀ ẹ́. Kí ló wá sọ ìdáhùn di méjì?

"Ẹ̀gbin," ó wí. "Ẹ̀gbin pátápátá."

Kì í ṣe òní ni kọ̀ǹpútà náà ti ń rí i lára. Èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà a máa jáde ní ẹ̀dà-ẹ̀dà, tuntun lórí àtijọ́, iṣẹ́ tí a bá sì fi ọ̀kan kọ kì í sábà fẹ́ bá èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí Abẹ́rẹ́ fi kó ẹ̀dà mẹ́rin sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, bí orogún mẹ́rin nínú ilé ìdáná kan, kálukú pẹ̀lú ìkòkò tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ti ẹnìkejì. Bí o bá fẹ́ bá ọ̀kan sọ̀rọ̀, o ní láti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ nínú fèrèsé tí o ṣí. Bí o bá gbàgbé, ẹni tí o kò pè ni yóò dáhùn, yóò sì dáhùn láìtijú.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí pé ó tín-ín-rín, àti nítorí pé kò sí àṣìṣe tó kéré débi tí kò ní gún un jáde. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ètò tó wà níwájú rẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé ló ni ín. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́ nígbà tí ọ̀gá ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Apòògùn á tẹ ìwọ̀n ara ọmọ sí i, ètò á fi mẹ́rin pín in, á sì sọ iye oògùn tí wọ́n máa fi sírinji fà fún ọmọ náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ̀dà àtijọ́ ni ọ̀gá fi kọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ni èdè náà kéde pé àwọn kò ní tọ́jú ẹ̀dà yẹn mọ́, ọ̀gá ní kí Abẹ́rẹ́ gbé ètò náà sórí tuntun. Ó gbé e. Ó dán an wò, ìdáhùn tuntun bá ti àtijọ́ mu régé, ó sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé iṣẹ́ ti parí. Lọ́sàn-án òní ni ilé ìwòsàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó; ó kàn ní kí òun tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i ni.

Lọ́sàn-án òní kan náà ni ọmọ àbúrò rẹ̀ ń bọ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Gìrì ló ń da ọmọ náà láàmú. Wọ́n ti ń fún un lóògùn ní ilé ìwòsàn yẹn tipẹ́, ṣùgbọ́n gìrì kò lọ; ó kàn ń fà sẹ́yìn ni, á tún padà wá gbé e ṣánlẹ̀. Dókítà ní oògùn náà dára, bí wọ́n bá ń lò ó déédéé. Déédéé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ẹbí gbá mú. Ìyá ọmọ náà ni àbíkẹ́yìn ilé, ẹni tó máa ń sọ kọ́kọ́rọ́ nù, tó máa ń gbé omi kaná tí omi á fi gbẹ. Ta ni wọn ì bá tún dá lẹ́bi? Ó ní òun kò gbàgbé oògùn rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kò fetí sí i. Abẹ́rẹ́ gan-an ló sọ èyí tó le jù nínú ìpàdé ẹbí, ó gbé ìgò oògùn sókè lójú ìyá wọn, ó na ìka sí ohun tí apòògùn kọ sára rẹ̀. "Ìlà mẹ́rin lára sírinji, àárọ̀ àti alẹ́! Ṣé mẹ́rin ló ṣòroó kà ni, àbí ọmọ ni kò jọ ẹ́ lójú?" Àbúrò sunkún. Ẹkún yẹn pàápàá rí Abẹ́rẹ́ lára. Wọ́n wá pinnu pé kí ọmọ máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan.

Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kékeré kan sí yàrá kejì, ó ti fọ aṣọ fèrèsé. Láti ọjọ́ yẹn, ó ń rìn kiri ilé bí ẹni tó gba ẹ̀mí là.

Ẹ̀dà tuntun ló kọ́kọ́ fura sí. Ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó tún un gbà wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó jókòó ti ìlà kékeré tó ń rìn bí ìgbín lójú kọ̀ǹpútà títí ó fi dé òpin. Ó ṣí fèrèsé tuntun, ó dárúkọ ẹ̀dà tuntun, ó tẹ ìbéèrè. Mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Bákan náà ni.

Nígbà náà ló tó wo fèrèsé àkọ́kọ́, èyí tó ń dáhùn mẹ́ta, èyí tó fi dán gbogbo iṣẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó bi í pé ẹ̀dà wo ló ń lò. Fèrèsé náà dáhùn: àtijọ́.

Ó pàṣẹ lóòótọ́ pé kí wọ́n bọ́ sí ẹ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n inú fèrèsé kan tó ti pa dé tipẹ́ ló ti pàṣẹ ọ̀hún, àṣẹ náà sì kú pẹ̀lú fèrèsé yẹn. Gbogbo ìdánwò tó ní òun ṣe, àtijọ́ ló bi, àtijọ́ ló dáhùn, ó sì ń yangàn pé ìdáhùn bára mu. Ó dà bí ẹni tó ń dá nìkan ta ayò tó sì ń pariwo pé òun jẹ. Ojú tì í bí ẹni pé àwọn èrò ọjà ń wò ó.

Ó mú bírò, ó ṣe ìṣirò náà sí àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ iléèwé. Ó fi mẹ́rin pín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́ta, ó sì ku mẹ́ta. Mẹ́ta tó kù yẹn kì í ṣe òfo. Ẹ̀dà tuntun kò bàjẹ́ rárá. Ti àtijọ́ ni kò dáa: bí o bá ní kó fi odindi pín odindi, odindi náà ni yóò dá padà fún ọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù, á gé e sọnù, kò sì ní wí nǹkan kan. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí mọ ìwà rẹ̀, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń béèrè ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá kò béèrè. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pín geere, oògùn rẹ̀ pé. Èyí tí tirẹ̀ kò bá pín, oògùn rẹ̀ dín, láàárọ̀, lálẹ́, láti ìgbà tí wọ́n ti ń lo ètò náà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ó pe ọ̀gá. Ọ̀gá ń jẹun. Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ bí òkèlè ṣe ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan bọ́ sí èkejì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ètò oògùn yẹn ni. Ti àtijọ́ kò tọ̀nà. Ó ń gé ìyókù sọnù."

"Àtijọ́ wo? Èyí tí mo kọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀gá jẹ díẹ̀ sí i. "Ẹnì kan ti sọ nǹkan ní ilé ìwòsàn?"

"Rárá o, sà."

"Ó dáa. Jẹ́ kí tuntun náà máa gé e."

"Sà?"

"Gbólóhùn kan péré ni, o mọ̀ ọ́n kọ. Ṣebí ìwọ lo ránṣẹ́ sí mi pé méjèèjì bára mu? Jẹ́ kí wọ́n bára mu. Tí nọ́ńbà bá ṣàdédé yí padà, wọ́n á béèrè ìdí, ìdí yẹn á sì kàn ọ́, á kàn mí." Ó gbé nǹkan mì. "Oògùn tó dín díẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá pọ̀ jù ló ń pààyàn. Jẹ́ kí n jẹun, jọ̀ọ́."

Ó rí Abẹ́rẹ́ lára. Jíjẹ ẹnu ọkùnrin náà kọ́ ló fà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irọ́ náà nìkan. Ohùn rẹ̀ ni, bó ṣe rọ̀, bó ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu Abẹ́rẹ́ so Abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀ láìbínú. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá wo nǹkan: ó kọ gbólóhùn náà. Ìka rẹ̀ ti kọ ọ́ tán kí inú rẹ̀ tó dá a lẹ́kun. Kò gùn, ó sì mọ́ tónítóní.

Ó kù kó dán an wò. Ó nílò ìwọ̀n ọmọ kan, èyí tó sì wá sí i lọ́kàn ni èyí tó mọ̀ jù. Òun fúnra rẹ̀ ló bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn lóṣù tó kọjá, nítorí kò fọkàn tán àbúrò rẹ̀, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé ọmọ náà sórí òṣùwọ̀n. Kílò mọ́kàndínlógún. Ó tẹ̀ ẹ́.

Mẹ́rin.

Ó pa gbólóhùn náà rẹ́, ó tún un tẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó pé márùn-ún.

Mẹ́rin tó wà lára ìgò. Mẹ́rin tó kà sókè lójú ìyá wọn. Ọmọbìnrin kan ti ń fún ọmọ rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ní kó fún un, kò yẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, kò yẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ọmọ sì ń ṣubú, wọ́n sì ń bú u. Abẹ́rẹ́ wo àwọn ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ gbólóhùn yẹn, ó sì kórìíra wọn bí ẹni rí ìdin nínú oúnjẹ.

Kò pe ọ̀gá mọ́. Ó pe apòògùn ilé ìwòsàn, obìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀.

"Ẹ má fi ẹ̀rọ ṣírò oògùn mọ́, mà. Ẹ fọwọ́ ṣe é. Ó ń gé e kúrú fún àwọn ọmọ kan."

Abẹ́rẹ́ ń gbọ́ ẹkún àwọn ọmọdé lẹ́yìn obìnrin náà. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, mà."

"Háà. Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

Ó sọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, gbogbo rẹ̀ tán, ó sì sọ orúkọ ọ̀gá tẹ̀ lé e, àti ti ọmọ àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́. Ó retí kí ara tù ú, ara kò tù ú.

Àbúrò rẹ̀ dé nígbà tí oòrùn kọjá àtàrí. Ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó sì gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, Àǹtí." Ọmọ náà bá ológbò jókòó, àbúrò kò jókòó. Ó tú báàgì sílẹ̀ lórí tábìlì: aṣọ tó ká jọ, ìgò oògùn, sírinji tó fọ̀ tó sì fi aṣọ funfun wé.

"Àǹtí, mo ti rò ó o," ó wí, ó ń wo ilẹ̀. "Ó lè jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ. Ó lè jẹ́ pé mo máa ń gbàgbé, kí n tún wá gbàgbé pé mo gbàgbé. Mi ò gbára lé orí mi mọ́. Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀."

Abẹ́rẹ́ fà á lọ́wọ́ lọ síwájú kọ̀ǹpútà. Ó ṣí fèrèsé méjèèjì síra, ó tẹ ìwọ̀n ọmọ náà sí ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ sí èkejì, ó sì ṣàlàyé: èyí ń gé e sọnù, èyí kò gé e, èyí tó ń gé e ni wọ́n ń lò. "Ìwọ kọ́ o. Kì í ṣe ìwọ rárá."

Àbúrò rẹ̀ wo nọ́ńbà méjèèjì pẹ́. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí.

"Nígbà tí wọn ò bára mu, kí lẹ ṣe?"

"Mo rò pé tuntun ló bàjẹ́. Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i. Mo tún bi í."

"Ẹ tún bi í."

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tún wá fọwọ́ ara mi ṣe é, kó lè dá mi lójú."

Àbúrò rẹ̀ mi orí, díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ padà sínú báàgì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìkánjú. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́ láti bá a ká ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ti mú un.

"Apòògùn ń retí yín," Abẹ́rẹ́ wí. "Ó ní kí ẹ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ òun, kó kọ tuntun sára ìgò."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. A ó yà."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó dúpẹ́ bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó júwe ọ̀nà fún wa, ó pe ọmọ rẹ̀, wọ́n sì jáde. Abẹ́rẹ́ dúró ti tábìlì, ó ń wá inú ara rẹ̀ kiri fún ìgbà kan, ìgbà kan ṣoṣo, tó bi àbúrò rẹ̀ léèrè nípa oògùn yẹn tó sì dúró gbọ́ èsì.