Ọmọdé Ló Ń Kọ́kọ́ Jẹ Oúnjẹ Ọpẹ́

Ẹ má wò ó pé mò ń rẹ́rìn-ín o. Lọ́jọ́ ọpẹ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún lójú gbogbo ìjọ.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyá mi, Màmá Theodosia, fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo wá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí Ọlọ́run bá gbé e dìde, màá tẹ́ tábìlì ọpẹ́ sílé, bí àwa ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Onítẹ̀bọmi Ẹ̀mí ní erékùṣù Tòbágò ti ń ṣe é. Ọlọ́run gbé e dìde lóòótọ́, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún! Kò tíì rìn dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà pé mi ò mọ ilẹ̀ gbá.

Èmi náà tẹ́ tábìlì. Búrẹ́dì alágbọn, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, kéèkì, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀. Bàbá Alford, olórí ìjọ wa, bọ́ bàtà, ó lu agogo sí igun ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tan àbẹ́là sáàárín oúnjẹ. A kọrin, a jó títí ilé fi ń mì.

Ó wá ku jíjẹ. Àgbà kì í fọwọ́ kan tábìlì ọpẹ́ kí ọmọdé tó jẹ níbẹ̀. Bí ọmọdé ò bá jẹ, ọpẹ́ ò tíì dé ọ̀run. Òjò sì ti mú kí odò bo afárá mọ́lẹ̀, òdìkejì odò, níbi ilé ìwé, ni gbogbo ọmọ abúlé wa há sí. Àbẹ́là ń jó lọ.

"Sista Verlyn," Bàbá Alford pè mí, "ṣé kò sí ọmọ kankan nítòsí ni?"

"Bàbá, ṣé kí n lọ bí ọ̀kan ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Bí ẹ̀jẹ́ mi bá di ààbọ̀ ńkọ́? Bí àìsàn ọ̀hún bá padà wá ńkọ́?

Màmá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ta ló ní kò sí ọmọ níbí? Verlyn, jókòó."

"Háà, Màmá! Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí!"

"Mo bi ọ́ léèrè ọjọ́ orí ni? Èmi ni mo bí ọ àbí èmi kọ́? Jókòó, kí n tó fi ọ̀pá yìí bá ọ sọ̀rọ̀ lójú àlejò!"

Bàbá Alford wò ó, ó wò mí. "Ìyá ti sọ̀rọ̀ o."

Mo bá jókòó sórí àga kúkúrú tí a tò fáwọn ọmọdé, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Gbogbo ilé pariwo ẹ̀rín. Màmá bu búrẹ́dì, ó nà án sí mi lẹ́nu. Ọwọ́ tí kò lè gbé ṣíbí lóṣù tó kọjá! Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń fún un lóúnjẹ, tí mò ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Màmá, ẹ yanu."

"Yanu," ló sọ fún mi.

Omijé ti ń dà lójú mi. Mo yanu.