Bíà Inú Yàrá Ẹ̀yìn

Ọ̀sán Sátidé ni. Abọ́sẹ̀dé ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀ wọn ní Eliozu nígbà tí nǹkan dún gbàù! Kó tó gbórí sókè, òmíràn tún dún, lẹ́yìn náà méjì léra wọn.

"Na gun o! Make una lie down!" Ibiere, aládùúgbò wọn, ló ń ké bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri.

Abọ́sẹ̀dé dojú bolẹ̀, ẹ̀wà dà sí i lára. Ibẹ̀ ló wà tó rántí ọkọ rẹ̀. Olúmidé wà ní yàrá ẹ̀yìn, yàrá tó ti ń ti ara rẹ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ní òun ń ṣe níbẹ̀.

Ó rá kòrò dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Omi kan ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, ó pọ́n, ó ń hó.

"Bàbá Fèyí! Ẹ dá mi lóhùn!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Olúmidé fi àkísà di iwájú orí mú, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i láyà. Àfọ́kù ìgò kún ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo yàrá ń rùn bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó kan.

"Kì í ṣe ìbọn," ó ní. "Bíà mi ni."

"Bíà wo?"

Ọkùnrin tí kì í mutí! Ó nawọ́ sí páálí kan tí àbúrò rẹ̀, Doyinsọ́lá, fi ránṣẹ́ láti Ìlú Ọba: agolo ńlá kan tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ki bí oyin dúdú, ìwúkàrà inú pépà, àti ìwé tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pọn bíà àwọn Gẹ̀ẹ́sì nílé.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Olúmidé jókòó sórí korobá. "Wọ́n ti ní kí n máa lọ níbi iṣẹ́. Ó ti pé oṣù mẹ́ta."

Oṣù mẹ́ta! Láràárọ̀ ni Abọ́sẹ̀dé ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀.

"Oúnjẹ tí mò ń dì fún yín ńkọ́?"

"Inú mọ́tò ni mo ti ń jẹ ẹ́, létí omi ní Borokiri. Mo rò pé tí mo bá mọ bíà yìí pọn, àwọn òtẹ́ẹ̀lì á gbà á lọ́wọ́ mi."

Abọ́sẹ̀dé mú ìwé náà. Olùkọ́ kẹ́mísìrì ni. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi sínú korobá?"

"Márùn-ún. Mo wá fi ṣúgà ṣíbí kọ̀ọ̀kan sínú ìgò."

"Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì, níbi tó tutù! Ìwúkàrà ò tíì jẹ ṣúgà tó wà níbẹ̀ tán, ẹ tún bu òmíràn sí i, ẹ wá dé e pa. Níbo ni gáàsì á gbà jáde? Kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

"Tí mo bá bi ọ́, ìwọ náà á bi mí nípa iṣẹ́."

"Oga, una dey alive?" Ibiere ń kanlẹ̀kùn.

"Na bottle o, Mama. We dey," Olúmidé dá a lóhùn.

Ìgò mẹ́tàdínlógún ló kù. Abọ́sẹ̀dé fi tówẹ́ẹ̀lì tútù wé ọwọ́, ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìnkùlé, ìfófòó ọtí ń tú lu ògiri. Nígbà tó ṣí èyí tó gbẹ̀yìn, ó jókòó ti ọkọ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tó tutù. Ìgbà náà ni ẹkún tó wá gbọ̀n Abọ́sẹ̀dé.