Abínáṣeré Lẹ́nu Ààrò Búrẹ́dì

"Ẹ̀yinná ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi! Bí òtútù bá mú oòrùn pàápàá, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá yáná!"

Bí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Abínáṣeré ṣe já wọ ilé búrẹ́dì nìyẹn, tó ti ká apá aṣọ dé èjìká. Iṣẹ́ ló wá wá. Iṣẹ́ ta ni? Iṣẹ́ Bàbá Ààrò ni o, bàbá tó ti ń ti búrẹ́dì bọ iná láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí iná ti jẹ irun ojú rẹ̀ tán débi pé bí nǹkan bá yà á lẹ́nu, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ó ti ń falẹ̀ díẹ̀. Ó mọ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì, ọ̀gá rẹ̀, náà mọ̀.

"Màmá, ẹ wò mí!" Abínáṣeré ti apá bọ inú ààrò dé ìgúnpá, ó ń kà: "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Ó ka márùn-ún kó tó fà á yọ. Apá ò bó, irun kan ò jó. Ẹnu Ìyá Oníbúrẹ́dì là débi pé búrẹ́dì mẹ́fà ì bá gba ibẹ̀ wọlé láì kan eyín.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí o," ló wí, ó rọra yíjú sí Bàbá Ààrò. "Ẹ ò ṣe lọ sinmi?"

Bàbá Ààrò mí kanlẹ̀. "Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ààrò ló nawọ́ sí. Bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe gbóná tó náà ni páànù inú ibẹ̀ gbóná mọ, àmọ́ ahun ni afẹ́fẹ́: ooru ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀, kì í sì í tètè yọ ọ́ fún èèyàn. Irin lọ̀làwọ́! Fọwọ́ kàn án, gbogbo ohun tó ní ló máa kó fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yá, ọmọ iná, gbé páànù kan jáde."

Abínáṣeré wo páànù. Páànù wo Abínáṣeré.

"Ẹ̀rù kọ́ o! Ọ̀rá ni mi ò fẹ́ kó yí mi lọ́wọ́. Àkísà dà?"

Ọ̀kan gbẹ, ó wà lórí ìṣó. Èkejì ń mumi nínú garawa. Ó sáré lọ fa ti inú garawa yọ.

"Ọmọ mi, mú gbígbẹ," ni Bàbá Ààrò wí.

"Kí n lè jóná kẹ́ ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín? Ṣé omi kọ́ ló ń paná ni?"

Ó di páànù mú. Ṣàààà! Omi inú àkísà gba ooru lọ́wọ́ irin, ó gbé e fún un kíákíá. Igbe tó ké, ìyẹ̀fun àpò méje ló fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo ilé funfun, eku inú àjà pàápàá di arúgbó. Abínáṣeré ki ọwọ́ méjèèjì bọ garawa omi.

Bàbá Ààrò mú àkísà gbígbẹ lórí ìṣó. "Afẹ́fẹ́ ló kún inú èyí," ló wí, "ahun wa àtijọ́." Ó fa páànù jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó gbé e ka tábìlì. Búrẹ́dì pọ́n, ó ń ta sánsán.

"Bàbá," ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, "ta ló ní kẹ́ ẹ lọ sinmi?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èmi kẹ̀? Ẹ má purọ́ mọ́ mi!" Ó kọjú sí ẹni tó wà nídìí garawa. "Àti ìwọ, oòrùn wà níta o. Ó ní òtútù ń mú òun, kó o wá jẹ́ kóun yáná."

Ẹ̀rín bú sáyé. Abínáṣeré gbé garawa mọ́yà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi, ó já síta, kò wẹ̀yìn.