Èjìdínlógún Wà Nílé

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejìlá, kò sí ẹni tó kí ẹnìkejì rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá lè gbórí sókè pé "ẹ kú ojúmọ́," ó ti gbìyànjú. Àwọn èèyàn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí wọ́n ń jó láàárín síítì bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ kejì ìrìn-àjò, tí wọ́n ń pín bísíkíìtì fún ara wọn bí ọmọ ìyá, àwọn náà ló wá ń wọ́ báàgì jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ojú wú, tí ẹsẹ̀ wú. Ìlú mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mọ́kànlá, ní ilẹ̀ onílẹ̀! Ẹni tó ṣètò ìrìn-àjò yẹn kò mọ̀ pé ọmọ èèyàn ní orúnkún. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí ò tilẹ̀ lè ṣe é gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìyá Aránṣọ ló wọ bọ́ọ̀sì gbẹ̀yìn. Orúkọ tí wọ́n fún un nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní ni abẹ́rẹ́ ò ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ran bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù dírẹ́bà, òun ló ká etí ṣòkòtò Atọ́nà tó ń wọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn síítì mú títí ó fi dé àyè rẹ̀, ó jókòó, ó sì bọ́ bàtà kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Àṣà kan wà nínú bọ́ọ̀sì náà. Atọ́nà, ọkùnrin gbọọrọ kan tí àwàdà ò tán lẹ́nu rẹ̀, kì í jẹ́ kí dírẹ́bà gbéra láìmọ̀ bóyá èrò pé. Ṣùgbọ́n kì í na ìka sí èèyàn kó máa kà wọ́n. Ó ní wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nọ́ńbà síítì ló máa ń pè, olúkúlùkù á sì jẹ́ "Mo wà."

"Ẹ̀rìndínlógún?"

"Mo wà." Nọ́ọ̀sì nìyẹn, obìnrin sísanra kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tó jókòó sí òdìkejì ọ̀nà àárín bọ́ọ̀sì, létí ọ̀dọ̀ Ìyá Aránṣọ.

"Ẹ̀tàdínlógún?"

"Mo wà," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn.

"Èjìdínlógún?"

Síítì kejìdínlógún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Báàgì ìránṣọ ló wà lórí rẹ̀.

"Ó wà nílé," ni Ìyá Aránṣọ tún dáhùn.

"Ẹ bá wa kí i o!" ni gbogbo bọ́ọ̀sì hó. Kódà àwọn tó ti ń sùn lajú láti bá wọn hó. Ìgbà mẹ́rin lóòjọ́, ó kéré tán, ni wọ́n ń ṣe é, kò sì sú wọn. Nǹkan kan ṣoṣo tí kò tíì sú wọn nínú ìrìn-àjò náà nìyẹn.

Àmọ́ lọ́jọ́ yìí, Atọ́nà ò tètè kọjá sí ọ̀kàndínlógún. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá, a ò rán yín níṣẹ́ mọ́ o. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, a ti délé. Èjìdínlógún á wá pàdé yín ní ibùdókọ̀, gbogbo wa la sì máa tò láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Bọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Ìyá Aránṣọ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti sin ọkọ rẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, kò pète irọ́. Ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ rìnrìn-àjò. Apínlẹ́tà ni bàbá náà. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ń rin àwọn òpópónà kan náà, tó ń gbé lẹ́tà òkè òkun lọ fún onílẹ́tà, tí òun alára ò sì dé ibì kankan rí. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tí àwọn lẹ́tà yẹn ti ń wá. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba àyè méjì nínú bọ́ọ̀sì, ó mú ẹ̀gbẹ́ fèrèsé fún ara rẹ̀ láìbéèrè, ó sì fi pẹ́ńsùlù pupa fa gbogbo ọ̀nà náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni àìsàn ọkàn fi gbé e lọ. Àwọn ọmọ ní, "Mọ́mì, ẹ lọ. Bó ṣe máa wu Dádì nìyẹn." Ó lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, Atọ́nà pe èjìdínlógún, ẹnu obìnrin yìí sì yá ju ọkàn rẹ̀ lọ. "Ó wà nílé," ló sọ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó bá àwọn kí i. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló máa wá dìde láàárín ẹ̀rín àwọn àjèjì, kó ní rárá o, ẹ̀yin èèyàn, ó ti kú?

Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò fẹ́ sọ òtítọ́ mọ́. Ó ń sọ ìtàn ọkọ rẹ̀ fún wọn: bó ṣe ń hanrun, bí ajá kan ṣe lé e fún ọdún méje gbáko, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí ajá náà kú, tẹkúntẹkún ni bàbá wọlé. Nílé, lójú àwọn ọmọ, opó ni. Láàárín aládùúgbò, opó ni. Inú bọ́ọ̀sì yìí nìkan ló ti ń jẹ́ ìyàwó ẹni tó wà nílé.

Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tirẹ̀ ò tilẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ méjì, òtítọ́ sì ti jókòó dè é ní ibùdókọ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèyàn méjìlélọ́gbọ̀n á tò lórí ìlà, wọn á máa retí òkú.

Bọ́ọ̀sì ń lọ. Òórùn ìbọ̀sẹ̀ àti èèpo ọsàn gba inú rẹ̀ kan. Ọkọ Ìyàwó àti Ìyàwó, àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n ṣègbéyàwó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò, tí wọ́n ń fi ṣíbí kan jẹun tẹ́lẹ̀, ń jà lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí ta ló gbàgbé ṣájà fóònù sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyá Aránṣọ mú abẹ́rẹ́, ó fẹ́ ki òwú bọ̀ ọ́. Ìgbà mẹ́fà ló gbìyànjú. Ó gbé e sílẹ̀.

Ní ọ̀sán, wọ́n dúró ní ilé epo kan kí èrò lè na ẹsẹ̀. Lórí ìlà ilé ìyàgbẹ́, Nọ́ọ̀sì súnmọ́ ọn.

"Ìyá mi, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi. Láti ọjọ́ yìí, mi ò rí i kí bàbá pè yín lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin náà ò pè wọ́n. Ṣé ẹ jà ni?"

Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín.

"Mo mọ̀!" ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rín bo nǹkan mọ́lẹ̀, mo máa ń mọ̀ ọ́n. Ẹ fi bàbá sílẹ̀ fún mi. Bá a bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí, èmi fúnra mi ni màá fà yín lé wọn lọ́wọ́. Màá kúnlẹ̀. Ẹ wo ìdí mi yìí, tó bá kúnlẹ̀, ta ló lè sọ pé òun ò gbà?"

Ibi tó yẹ kó ti sọ ọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lágbára irọ́ mìíràn, kò sì lágbára òtítọ́. Ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ṣí, ìlà kàn án, ó wọlé, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ́ títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n padà wọkọ̀, Atọ́nà pe nọ́ńbà. "Ó wà nílé," ni Ìyá Aránṣọ wí, ohùn rẹ̀ ò dé ẹ̀yìn. "Ẹ bá wa kí i o!" Bọ́ọ̀sì gbéra. Ìgbà yẹn ni Tíṣà Àgbà dìde ní síítì kìíní pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ sójú pátákó ni. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Atọ́nà.

"Aránṣọ wa," ló wí, "ẹ sọ fún wa pé ọdún méjìdínlógójì ni ọkọ yín fi gbé lẹ́tà òkè òkun kiri, tí ẹnì kankan ò sì kọ̀wé sí i láti òkè òkun rí. A rò ó pé kò dáa bẹ́ẹ̀."

Ó na àpòòwé kan jáde. Káàdì mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀, àwòrán ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dé, sítám̀pù ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lára wọn. Gbogbo ará bọ́ọ̀sì ló ti fọwọ́ sí i láìjẹ́ kí Ìyá Aránṣọ mọ̀. Wọn ò mọ àdírẹ́sì, nítorí náà ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Èjìdínlógún, Nílé." Tíṣà ka ọ̀kan sókè:

"Èjìdínlógún wa, ilé aago inú àwòrán yìí ní igba àtẹ̀gùn ó lé mẹ́rìndínlógún. Ìyàwó yín gùn ún dókè. Ó ní ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀yin lẹ ì bá kọ́kọ́ dé. Ẹ kú ilé o. Àwa ará bọ́ọ̀sì."

Ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wá sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ, ó sì kó àpòòwé náà àti káàdì lé e lọ́wọ́. Ìyá Aránṣọ wo káàdì náà. Ó wo sítám̀pù tí wọ́n lẹ̀ ní igun rẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́. Ó dìde, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn fún mi."

Wọ́n gbé e fún un.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má wá a ní ibùdókọ̀. Ọkọ mi ti kú. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ. Irọ́ ni mo ń pa fún yín láti ọjọ́ kìíní."

Ẹnì kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Ojú Tíṣà Àgbà le. "Ìyá," ló wí, "òkú la wá fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí? Ẹ̀ ń jẹ́ ká máa pariwo lé olóògbé lórí, ẹ̀yin náà sì ń bá wa rẹ́rìn-ín?"

"Mo ń bá yín rẹ́rìn-ín. Ó ń dùn mọ́ mi." Ó gbé àpòòwé náà mọ́ra. "Tíṣà, kò sí ibòmíràn mọ́ láyé tí wọ́n ti ń ní kí n bá wọn kí i."

Tíṣà yí padà, ó ń fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀ títí ó fi dé síítì kìíní. Ìyá Aránṣọ jókòó. Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sọdá, ó di ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lù.

"Èmi tí mo tiẹ̀ ní màá kúnlẹ̀," ló wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò tú u sílẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè ilẹ̀ wọn. Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù, wọ́n tò. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó sọ fún obìnrin náà, nítorí náà wọ́n ń bi í bóyá òtútù ń mú un. Ìyá Aránṣọ rọra lọ bá Tíṣà Àgbà níwájú, ó na àpòòwé náà sí i.

"Lẹ́tà tí kò bá rí ẹni tó ni ín, ẹni tó kọ ọ́ ni wọ́n máa ń dá a padà fún. Òfin iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn."

Tíṣà fa káàdì kan yọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó gbé e jìnnà sójú kó tó lè rí i. "Àdírẹ́sì ẹni tó kọ ọ́ dà? Ẹ bá mi wá a."

Kò sí.

"Bí kò bá sí, kí ni bàbá máa ń ṣe sí i?"

"Àpótí kan wà ní ọ́fíìsì wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí."

"Ẹ wá àpótí, nígbà náà." Ó dá káàdì náà padà sínú àpòòwé. "Inú ṣì ń bí mi o."

"Mo mọ̀, Tíṣà. Ẹ má bínú."

"Ẹ dúró síwájú mi níbí. Ẹsẹ̀ yín wú ju tèmi lọ."

Nígbà tí gbogbo wọn padà wọlé, Atọ́nà mú ìwé rẹ̀. Kò ṣe àwàdà. Láti ení dé ẹ̀ẹ́dógún, ohùn kan náà ló fi pè wọ́n.

"Ẹ̀rìndínlógún."

"Mo wà."

"Ẹ̀tàdínlógún."

"Mo wà."

Atọ́nà gbójú sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀. "Ọ̀kàndínlógún."

Ọkọ Ìyàwó ló ni ọ̀kàndínlógún. Ẹ̀yìn orí Ìyá Aránṣọ ló ń wò.

"Ẹ pè é," ni Ìyá Aránṣọ wí.

"Ìyá..."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é."

Atọ́nà tún gbé ìwé rẹ̀ sókè. "Èjìdínlógún?"

Kò sí ẹni tó dáhùn. Dókítà ti sọ fún Ìyá Aránṣọ pé ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti sọ ọ́, àwọn tó wá kí i ti jókòó yí i ká, wọ́n ti sọ ọ́ ní oríṣiríṣi ohùn, ó sì ti ń mi orí sí gbogbo wọn láti oṣù mẹ́jọ. Kò jókòó kó dúró de ìdáhùn rí. Ó dúró dè é wàyí. Ẹ́ńjìnnì ń kùn nílẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn. Síítì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dákẹ́ pẹ̀lú báàgì ìránṣọ lórí rẹ̀, ẹkún tí kò rí sun lójú sàréè sì já lé Ìyá Aránṣọ lórí. Ó sun ún sókè bí ọmọdé, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó fi etí ìborùn nu ojú, ó sì mi orí sí Atọ́nà.

"Ọ̀kàndínlógún."

"Mo wà," ni Ọkọ Ìyàwó dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ ti di apá rẹ̀ mú kí wọ́n tó pe ogún. Wọ́n pè wọ́n títí dé ẹ̀rìnlélọ́gbọ̀n, dírẹ́bà sì ti ilẹ̀kùn.